Ẹ̀rù ń ba bàbá mi, wọn ò sì jẹ́ sọ fún dókítà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Bàbá mi wà ní wọ́ọ̀dù aláìsàn ọkàn. Dókítà ní ọkàn wọn ò ti ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ló bá kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ohun tí bàbá gbọ́ ni pé ọkàn àwọn fẹ́ dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò fojú ba oorun mọ́. Ọwọ́ wọn kì í kúrò láyà lóru.

Mo kọ ìbéèrè sínú ìwé fún wọn, wọ́n tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Tí dókítà bá dé, "ara ń le" ni wọ́n máa ń wí. Àgbàlagbà ṣá!

Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ fún dókítà tí ojú ò fi ní ti bàbá? Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.