Agbàjù, akádìí àti ìpayòmọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ fún ìtàn Mariano Rivera lédè Yorùbá, ọmọ Panama tó ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù New York Yankees láti 1995 dé 2013, ni pé ká pè é ní "arọ́pò", ká sì pe "save" (àmì tí wọ́n ń kọ fún ẹni tó ju bọ́ọ̀lù parí eré, tí ayò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣíwájú kò sì bọ́) ní "ìgbàlà". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Arọ́pò ti gbòòrò jù. Ẹni tó wọlé wá di igi mú dípò ẹlòmíì, arọ́pò lòun náà. Agbàjù ló yẹ wá: ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré, ó ń jù ú lọ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n má kà á sí "àgbà jù".) Lábẹ́ agbàjù la ó ti wá pín iṣẹ́, torí pé Rivera fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní 1995, eré 10 ló bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, abala keje àti kẹjọ nínú mẹ́sàn-án tí eré ní ló sábà ń jù, kí John Wetteland tó wá parí ẹ̀ ní kẹsàn-án. Save 43 ni Wetteland ní lọ́dún náà, Rivera ní 5 péré, bẹ́ẹ̀ ó ju abala tó lé ní 107. Nígbà tí Wetteland kúrò ló tó di akádìí, ìyẹn agbàjù tó ń kádìí eré (closer), ní 1997. "Apalẹ̀mọ́" tí ẹnì kan dá fún akádìí, ẹni abala kẹjọ ló tọ́ sí: òun ló ń palẹ̀ mọ́ de ẹlòmíì.

Ìgbàlà ńkọ́? Aṣọ́lé ló ń gba ilé là. Save ti béèsìbọ́ọ̀lù, ìṣirò ni. Agbàjù gbọ́dọ̀ parí eré, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí, kó má sì jẹ́ òun ni ìwé ka ìborí náà sí. Tó bá wọlé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ayò mẹ́ta ṣíwájú, tó ju odindi abala kan, ó ti gbà á, ì báà má sí alátakò kankan lórí béèsì. Ewu wo ló gbani lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀? Ayò tó wà nílẹ̀ ló pa mọ́. Nítorí náà, ìpayòmọ́. Rivera ní 652.

Ẹ má sì pe èyí tó bàjẹ́ ní "ìpàdánù". Bí alátakò bá ti bá wọn dọ́gba, ìpayòmọ́ ti fọ́, àmọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì lè borí, kí wọ́n tún kọ ìborí ọ̀hún sórúkọ òun gan-an. Ìpayòmọ́ tó fọ́ àti ìpàdánù ló bá Rivera pọ̀ ní Arizona ní 2001: ó fi 2-1 wọ abala kẹsàn-án, ẹgbẹ́ Arizona sì lu Yankees 3-2. Apalẹ̀mọ́ náà lè fọ́ ọ ní abala kẹjọ.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju "ìpayòmọ́ tó fọ́" lọ, kó mú un wá. Èyí gùn jù, kò ní wọ inú àtẹ ìṣirò.