“Ìtẹ̀dó” ni mo fara mọ́, kì í ṣe “ìyípo omi”

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ọ̀rọ̀ méjì ni a ti dábàá fún ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí ẹja tuntun ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹja ti wà nínú rẹ̀ (tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “fish-in cycling”): “ìyípo omi” àti “gbígbó omi”. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí pé ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìtumọ̀ wọn lè pa ẹja rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹja ń tú amóníà, èròjà olóró kan, jáde, pàápàá láti ibi tí ó fi ń mí, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó sì jẹrà sì ń fi kún un. Irú bakitéríà kan ń sọ amóníà di náítíráìtì (nitrite), irú mìíràn, tí Nitrospira wà lára wọn, ń sọ náítíráìtì di náítíréètì (nitrate), tí ewu tirẹ̀ kéré sí ti àwọn méjì ìṣáájú. Náítíráìtì a máa ba ẹ̀jẹ̀ ẹja jẹ́ débi pé kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ bó ti yẹ mọ́, ẹja á sì máa mí hẹlẹ lójú omi. Kí àwọn bakitéríà yìí tó pọ̀ tó, ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 8.

“Gbígbó omi” ṣì wá lọ́nà, nítorí pé ara kànrìnkàn inú asẹ́ àti ara òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn bakitéríà náà lẹ̀ mọ́, kì í ṣe inú omi. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lè gbé omi kalẹ̀ nínú garawa fún oṣù kan, kí ó rò pé ó ti ṣe tán. Bí a bá sì ní asẹ́ ni ó gbó, ó tún burú jù, torí ohun tí ó gbó ni à ń dà nù.

“Ìyípo omi” ni ó ká mi lára jù. Ẹ̀rọ asẹ́ ń yí omi po láti ọjọ́ kìn-ín-ní, láìsí bakitéríà kankan. Náítíréètì kì í sì í yí padà di amóníà nínú àpótí: bí ewéko inú omi kò bá fà á mu, àwa ni a ó gbé e jáde. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, “yí omi po” sún mọ́ “yí omi padà” jù. Pípààrọ̀ apá kan omi, bí ìdá kan nínú mẹ́rin títí dé ìdajì, pẹ̀lú omi tí a ti yọ kílórínì inú rẹ̀, nígbàkúùgbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé amóníà tàbí náítíráìtì ń ga, ni ó ń dá ẹ̀mí ẹja sí ní àkókò yìí. Bí a bá kọ ọ́ pé “ìyípo omi kò tíì parí”, ta ni yóò mọ èyí tí à ń wí?

“Ìtẹ̀dó” ni mo dábàá, nítorí pé ó jẹ́ kí á mọ ẹni tí ó ń ṣe é, ìyẹn àwọn bakitéríà, àti ibi tí ó ti ń ṣe é. Bí amóníà bá ṣì wà nínú àyẹ̀wò, a ó ní “wọn kò tíì tẹ̀dó”. Bí a bá mú kànrìnkàn láti inú asẹ́ àpótí tí ó ti pẹ́ sínú ti tuntun, a ó ní ìtẹ̀dó yóò yá. “Ìtẹ̀dó ẹlẹ́ja” yóò yàtọ̀ sí “ìtẹ̀dó aláìlẹ́ja”, níbi tí a ti ń bu amóníà sí omi láìsí ẹja.

Ó ku náítíráìtì àti náítíréètì, tí ìró díẹ̀ péré yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnì kan ní kí á pe ti àkọ́kọ́ ní “náítíráìtì apẹja”, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi àwọ̀n ṣiṣẹ́ lódò ni “apẹja” nínú èdè wa. “Náítíráìtì olóró” ni èmi yóò máa kọ, títí a ó fi rí èyí tí ó dára jù ú lọ.