Ẹ̀rọ wo ló yẹ kí n rà fún ṣíṣe áísìkiriìmù nínú ilé?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áísìkiriìmù fúnra mi, nítorí ó wù mí kí n mọ ohun tó wà nínú èyí tí àwọn ọmọ ń lá. Ẹ̀rọ ni kò yé mi. Mo rí èyí tí wọ́n máa ń gbé abọ́ rẹ̀ sínú fírísà kí wọ́n tó lò ó. Mo rí èyí tó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tirẹ̀ nínú, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ń mú nǹkan tutù bíi ti fíríìjì, tí owó rẹ̀ sì fi ìlọ́po-ìlọ́po ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo tún rí garawa àtijọ́ tí wọ́n ń da yìnyín àti iyọ̀ sí. Agbára ẹ́ńjìnnì àti iye bọ́tìnnì ni àwọn tó ń tà wọ́n ń sọ ṣáá. Kí gan-an ló yẹ kí n wò? Èèyàn márùn-ún ni wá, fírísà kékeré tó wà lókè fíríìjì ni mo sì ní.

Alásè:
Ẹ kú ìbéèrè, mà. Kí ẹ tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí à ń bẹ̀ ẹ́. Méjì péré ni: kí ó mú ooru kúrò lára àpòpọ̀ náà kíákíá, kí ó sì máa rò ó láìdúró bó ṣe ń dì. Ara ògiri abọ́ ni omi inú wàrà ti ń di yìnyín wẹ́wẹ́. Omorogùn inú ẹ̀rọ ló ń há a kúrò níbẹ̀ kí ó tó ráyè tóbi, òun náà ló sì ń ki afẹ́fẹ́ díẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí yìnyín wẹ́wẹ́ wọ̀nyí bá ti ju nǹkan bí ìdá 50 nínú 1,000 mìlímítà kan lọ, ahọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n, áísìkiriìmù náà á sì máa rin lẹ́nu bí iyanrìn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó ń parí iṣẹ́ láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú fi dára ju èyí tó ń fi wákàtí kan fà á lọ, bó ti wù kí bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀ tó. Kí omorogùn náà sì súnmọ́ ògiri abọ́ pẹ́kípẹ́kí, nítorí yìnyín tó bá ráyè lẹ̀ mọ́ ògiri kò ní jẹ́ kí òtútù dé ọ̀dọ̀ ìyókù mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, abọ́ tó ń wọ fírísà ni èmi yóò mú. Ògiri méjì ló ní, wọ́n sì sé ohun olómi kan mọ́ àárín wọn, èyí tó gbọ́dọ̀ dì pátápátá kí abọ́ tó wúlò. Nínú fírísà tó tutù dé -18°C, ìyẹn máa ń gbà tó wákàtí 16 sí 24. Bí ẹ bá mì í létí, tí ẹ sì gbọ́ tí nǹkan ń mì nínú ògiri rẹ̀, ẹ dá a padà, kò tíì yá. Kí ẹ tó náwó, ẹ fi tẹmọ́mítà kékeré kan sínú fírísà yín di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì wọn gíga àyè tó wà níbẹ̀, nítorí abọ́ tó ń gba lítà kan àbọ̀ máa ń tóbi ju bó ṣe rí nínú àwòrán lọ.

Atẹ̀rọṣe:
Òótọ́ ni Alásè sọ, àmọ́ abọ́ yẹn kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Bí ọmọ kan bá ń fẹ́ ti fanílà, tí èkejì ń fẹ́ ti ṣokoléètì, ẹnì kan yóò dúró di ọ̀la, àfi tí ẹ bá ra abọ́ méjì. Ẹ̀rọ tó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò ní wàhálà yìí; bó ṣe ń parí ọ̀kan ló ti lè gba òmíràn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantutù ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ẹ̀rọ yìí wúwo, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sókè gbé sọ̀kalẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń tu ooru jáde. Bí wọ́n bá gbé e dé, ẹ jẹ́ kó wà ní òró fún wákàtí 24 kí ẹ tó tan iná sí i, kí òróró inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lè padà sáyè rẹ̀. Ẹ yẹ abọ́ rẹ̀ wò bóyá ó ń yọ. Èyí tó ń yọ rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n àlàfo tín-ín-rín máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, débi pé àwọn kan tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní kí ẹ da omi iyọ̀ tàbí ọtí líle díẹ̀ sí àlàfo náà kí òtútù lè ráyè kọjá. Èyí tí kì í yọ máa ń tètè dì nǹkan, ṣùgbọ́n kàǹrìnkàn ni ẹ óò máa fi fọ̀ ọ́ níbi tó wà. Èyí tó ń yọ ni mo fara mọ́ fún ilé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́.

Ní ti agbára iná tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ má fi wé ti ẹ̀rọ tí abọ́ rẹ̀ ń wọ fírísà, nítorí ìtutù ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe ríro. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á ni bóyá wọ́n ń ta omorogùn nìkan lọ́tọ̀, nítorí oníke ni ọ̀pọ̀ wọn, ibi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì ló sì máa ń kọ́kọ́ kán.

Onígarawa:
Ẹ má tíì sọ garawa nù o! Láti ọdún 1843 tí Nancy Johnson ti gba ìwé àṣẹ lórí garawa tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ní Amẹ́ríkà ni ọ̀nà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Iyọ̀ ń mú kí yìnyín yọ́, yíyọ́ náà sì ń fa ooru kúrò lára agolo tó wà láàárín. Àpòpọ̀ yìnyín àti iyọ̀ lè tutù dé nǹkan bí -21°C bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé. Ìdá kan iyọ̀ sí ìdá márùn-ún yìnyín tó. Ó lè ṣe lítà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kò sì gba àyè kankan nínú fírísà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń pariwo, ó ń ta omi iyọ̀ káàkiri, omi náà sì ń mú irin dípẹtà. Kí ihò tí omi ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa má ṣe dí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi iyọ̀ á kún dé ìdérí agolo, á sì wọnú oúnjẹ.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi tẹmọ́mítà sínú fírísà bí Alásè ṣe wí. -12°C ló kà láàárọ̀, abọ́ lítà kan àbọ̀ kò sì lè wọ̀ ọ́. Ṣé kí n kúkú ra èyí tó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ fírísà?

Alásè:
Ẹ má tíì gbàgbé rẹ̀, mà. Bí áísìkiriìmù bá ti kúrò nínú ẹ̀rọ èyíkéyìí, rírọ̀ ló máa ń rọ̀, ní nǹkan bí -5°C. Fírísà ni yóò parí dídì rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù kó tó le, yìnyín wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ yóò máa tóbi sí i, ìyẹn ni pé owó kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti ṣòfò. Àfi bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ tán níjokòó kan náà, èyí tí mo mọ̀ pé èèyàn márùn-ún lè ṣe.

Atẹ̀rọṣe:
Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí ìwọ̀n ìtutù fírísà náà sókè, kí ẹ sì yọ́ yìnyín tó bá ti dì mọ́ ògiri rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ tì í, kí ẹ wá fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti gbó nìyẹn, ó sì rọrùn láti pààrọ̀. Bó bá padà sí -18°C, ẹ ra èyí tó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí abọ́ rẹ̀ ń yọ, tó ń gba lítà kan, níwọ̀n bí abọ́ onífírísà kò ti wọlé.

Alásè:
Ẹ fi ike pẹlẹbẹ tó ní ìdérí kún un, nítorí ohun tí kò jìn máa ń tètè le ju ohun tó jìn lọ. Kí àpòpọ̀ yín sì sùn nínú fíríìjì ní nǹkan bí 4°C kí ẹ tó dà á sínú ẹ̀rọ, kí ó má sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta abọ́ lọ, torí yóò wú.