Ìsọ̀rí ti pọ̀ ju ohun tí a kọ lọ lórí ìkànnì wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìkànnì kan wà tí mò ń bójú tó lórí WordPress (ètò tí a fi ń ṣe ìkànnì), iṣẹ́ aṣọ rírán ló dá lé. Àwa mẹ́ta là ń kọ nǹkan síbẹ̀, kálukú sì ń dá ìsọ̀rí (category, ìyẹn abala tí a ń pín àpilẹ̀kọ sí) sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Ní báyìí, "Gígé aṣọ" wà, "Bí a ṣe ń gé aṣọ" wà, "Ìgé" náà tún dá dúró. Àpilẹ̀kọ kan péré ló wà nínú òmíràn. Èyí tí a kọ lórí bí a ṣe ń fi síìpù sí síkẹ́ẹ̀tì wà nínú ìsọ̀rí méje! Ká má tiẹ̀ sọ ti "Uncategorized", ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa kó sí.

Ó ń ṣe mí bíi kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí n tún un tò, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn àpilẹ̀kọ má lọ bá a lọ. Ẹnì kan ní kí n kàn sọ gbogbo ìsọ̀rí di táàgì, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkurú tí a ń so mọ́ àpilẹ̀kọ. Ẹ dákun, kí ni kí n ṣe?

Ẹlẹ́rọ: Ẹ fọkàn balẹ̀, àpilẹ̀kọ kankan ò ní sọnù. Tí ẹ bá pa ìsọ̀rí kan rẹ́, àpilẹ̀kọ tó bá tún wà nínú òmíràn á dúró sí ọ̀hún. Èyí tí kò bá ní òmíràn á bọ́ sínú ìsọ̀rí tí WordPress máa ń lò fún ẹni tí kò yan nǹkan kan. "Uncategorized" gan-an nìyẹn. Ẹ lè yí orúkọ rẹ̀ padà, tàbí kí ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Writing, kí ẹ fi ìsọ̀rí mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà ìkànnì yín pa mọ́.

Ìyá Àgbà: Ọmọ mi, má tíì wọlé pa nǹkan kan rẹ́. Kó àkọlé gbogbo ohun tí ẹ ti kọ sínú Excel, ọ̀kan lórí ìlà kan. Kọ ohun tí ẹni tó fẹ́ kà á ń wá síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin fẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà kó àwọn tó jọra jọ. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ohun tó máa kù ò ní ju Wíwọn Ara, Gígé, Rírán àti Ìtọ́jú Ẹ̀rọ lọ. Ti síìpù yẹn, Rírán nìkan ni àyè rẹ̀. Kí "síìpù" fúnra rẹ̀ di táàgì, torí ó lè yọjú nínú Gígé, ó sì lè yọjú nínú Rírán.

Aránṣọ: Ẹ ṣé gan-an, Mà. Aṣọ ọkùnrin, ti obìnrin àti ti ọmọdé ńkọ́? Ṣé kí n fi wọ́n sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?

Ìyá Àgbà: Rárá o! Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Irú iṣẹ́ jẹ́ ọ̀tọ̀, ẹni tó máa wọ aṣọ náà sì jẹ́ ọ̀tọ̀. Tí o bá pa méjèèjì pọ̀, wàá ní "Gígé ti ọkùnrin", "Gígé ti obìnrin", "Gígé ti ọmọdé", wàá sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún Rírán. Mẹ́rin á di méjìlá lójú rẹ. Yan ọ̀kan fún ìsọ̀rí, kí o fi ìkejì ṣe táàgì.

Drupal-ni-mo-fẹ́: Ní Drupal (òun àti Joomla jẹ́ ètò ìkànnì bíi WordPress), àkójọ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lèèyàn máa ṣe fún irú nǹkan yìí. Joomla ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí àpilẹ̀kọ kan ju inú ìsọ̀rí kan ṣoṣo lọ. Àwọn kan máa ń ráhùn sí i, èmi fẹ́ràn rẹ̀: ó ń fi dandan mú èèyàn pinnu. Ẹ fi ṣe òfin tiyín, bí WordPress ò tiẹ̀ béèrè rẹ̀. Ẹ má sì sọ gbogbo rẹ̀ di táàgì. Ní WordPress, ìsọ̀rí lè ní ọmọ lábẹ́, táàgì kì í ní.

Ẹlẹ́rọ: Ọ̀rọ̀ líǹkì ló kù. Ojú ewé ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Tí ẹ bá pa á rẹ́, ẹni tó bá tẹ líǹkì àtijọ́ á bá 404, ìyẹn pé kò sí ojú ewé náà mọ́. Ẹ darí rẹ̀ sí èyí tuntun pẹ̀lú 301, àmì tó ń sọ pé àdírẹ́sì ti yí padà pátápátá. Ẹ tún yẹ Permalinks (ibi tí a ti ń ṣètò àdírẹ́sì) wò: bí "%category%" bá wà níbẹ̀, àdírẹ́sì àpilẹ̀kọ gan-an lè yí padà tí ẹ bá gbé e lọ sí ìsọ̀rí mìíràn.

Kí ló dé tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń dá ìsọ̀rí sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí àwọn méjì tó kù di Author, ìyẹn ipò òǹkọ̀wé nínú WordPress. Author lè yan ìsọ̀rí tó ti wà nílẹ̀, kò lè dá tuntun sílẹ̀. Àmọ́ ó ṣì lè dá táàgì sílẹ̀, torí náà kí ojú yín wà níbẹ̀.

Aránṣọ: Ha! Editor ni gbogbo wa, ipò tó lè dá ìsọ̀rí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń ṣe é á bínú o.

Ìyá Àgbà: Fi Excel yẹn hàn án kó o tó yí i padà. Kó fẹnu ara rẹ̀ ka "Gígé aṣọ", "Bí a ṣe ń gé aṣọ" àti "Ìgé".