Èsì: Kí la ó pe Chenin Blanc?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ọtí fún ilé oúnjẹ kan, tó fẹ́ mọ ohun tóun máa pe Chenin Blanc, irú àjàrà kan tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, ní Yorùbá. Ẹnì kan ní "ẹmu àjàrà funfun". Ẹlòmíràn ní "àjàrà funfun" ti tó. Àǹtí wa kan ní "àjàrà olóyin", torí pé ó ń ta sánsán bí oyin.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé "ẹmu" kúrò ńlẹ̀. Ara igi ni wọ́n ti ń dá ẹmu. Èso ni wọ́n ń fún kí wáìnì tó jáde. Ẹni tó bá gbọ́ "ẹmu àjàrà" á rò pé ẹnì kan gbé igbà àti akèrègbè, ó ń gun àjàrà lọ ni.

"Funfun" gan-an ló ń dà mí láàmú. Èso Chenin láwọ̀ ewé. Tó bá pọ́n tán, ó máa ń sún mọ́ àwọ̀ ìyeyè. Ẹ wo ohun tí mo kọ yẹn: tó bá pọ́n. Lẹ́nu tiwa, pípọ́n ni èso ń pọ́n. Ṣé a ó wá máa sọ pé àjàrà funfun ti pọ́n? Lánàá, mo fún èso àjàrà dúdú kan sínú àwo funfun. Omi tó jáde ò dúdú, kò pupa, àfi bí omi àgbọn. Èèpo ló ń rẹ ọtí láró, ìdí nìyẹn táwọn ará Champagne nílẹ̀ Faransé fi ń rí wáìnì funfun ṣe látinú àjàrà dúdú. Ọtí ló ni "funfun", kì í ṣe èso. Tó bá jẹ́ àlàyé lẹ fẹ́ ṣe, ẹ pè é ní "àjàrà wáìnì funfun", ìyẹn ò purọ́.

"Olóyin" ńkọ́? Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ní àfonífojì odò Loire nílẹ̀ Faransé, àjàrà kan náà yìí ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì Savennières tí kì í sábà ládùn rárá. Ní Bonnezeaux àti Quarts de Chaume, ní àfonífojì yẹn náà, wọ́n á fi èso sílẹ̀ lórí igi títí á fi hunjọ, tí òmíràn á tiẹ̀ bu; ibẹ̀ lòórùn oyin ti ń jáde. Ti Vouvray níbẹ̀ tún wà tó ń hó bí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ wá sọ ọmọ ní Olóyin, kó lọ kan bí ọsàn wẹ́wẹ́!

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an rèé. Àwọn Dutch gbin àjàrà sí Cape, ní Gúúsù Áfíríkà, ní 1655, wọ́n sì fún wáìnì àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1659. Chenin ti pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Steen làwọn àgbẹ̀ ń pè é. Bàbá gbìn ín, ọmọ gbìn ín, wọn ò mọ̀ pé òun náà ni ti Loire. Ó di nǹkan bí ọdún 1965 kí ọ̀jọ̀gbọ́n C. J. Orffer ti Yunifásítì Stellenbosch níbẹ̀ tó fi hàn pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lónìí, kò sí ilẹ̀ tó gbin Chenin tó Gúúsù Áfíríkà, Faransé pàápàá ò tó o. Orúkọ wo ló sì wà lára ọ̀pọ̀ ìgò wọn? Chenin Blanc.

Ẹ lè ní ṣebí àwọn àgbẹ̀ wa náà ló sọ iṣu kan ní ewùrà, tí wọ́n sọ òmíràn ní ẹ̀súrú. Àwọn ló ń gbìn ín. Àwa ò gbin Chenin, mímu la fẹ́ mu.

Nítorí náà, "Ṣẹnẹn Bìlán" ni mo dìbò fún, kì í ṣe "Ṣẹ́nínì Bíláńkì" tí ẹnì kan kọ. Faransé kì í pe "c" ìparí yẹn. Ẹ bi àwọn èèyàn wa ní Àjàṣẹ́ àti Kétu ní Benin, tí wọ́n ń sọ Faransé. Èdè wa ní "ṣ", ó ní "ẹn" bíi ti "ìyẹn", ó ní "an". Ẹni tó bá sì fi "funfun" kún un ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí funfun náà ni "blanc". Mo fi ohùn òkè parí rẹ̀, torí ìparí ọ̀rọ̀ ni Faransé ti máa ń tẹnu mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní ohùn mìíràn, kó mú un wá.