Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ilé ẹ̀rọ kan tí yóò máa tu gbogbo àdúgbò lára, n'Íkòròdú

BàbáÌbejì_Igbógbó: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fẹ́ wó àwọn ilé àtijọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà Ṣágámù, kí wọ́n tún un kọ́: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ilé gbígbé lókè, ilé ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ onílé. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà ní kí a má gbé éésì kọ́ ara ògiri mọ́, pé ilé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni yóò máa pèsè òtútù àti ooru. Kí ni kí a bi wọ́n?

Ẹnjiníà_Omitútù: Ooru kẹ̀? N'Íkòròdú? Ẹ ní kí wọ́n yọ bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, kúrò. Ilé ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì nìkan ló nílò omi gbígbóná, ooru tí chiller (ẹ̀rọ ńlá tó ń mú omi tutù, tí páìpù á wá gbé lọ sílé kọ̀ọ̀kan) ń tú dànù á sì mú omi wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí iná díẹ̀ wá parí rẹ̀.

Òtútù lọ̀rọ̀ wà. Éésì 1.5 họ́ọ̀sì tí gbogbo wa mọ̀, tọ́ọ̀nù kan ni, ìwọ̀n òtútù nìyẹn, kì í ṣe ti ẹrù: ó lè kó ooru BTU 12,000 kúrò ní wákàtí kan. Wọ́n á ka yàrá, wọ́n á ro tọ́ọ̀nù gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá ra ẹ̀rọ tó tó bẹ́ẹ̀. Owó lẹ ń sọ nù yẹn. Ọ̀sán ni ṣọ́ọ̀bù ń lo òtútù, alẹ́ ni ti ilé gbígbé. Ìṣirò wákàtí-wákàtí ni kẹ́ ẹ bèèrè, fún ìgbà tí ooru ń mú jù. Kẹ́ ẹ sì ra ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin dípò gìrìwò kan, torí gbogbo ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló máa rí ayálégbé lọ́jọ́ kan náà.

ỌmọÌjẹ̀dẹ́: Ẹnjiníà, ẹ ò sọ ti omi! Chiller tó ń fi omi tu ara rẹ̀ ń jẹ iná bí ìdajì èyí tó ń lo afẹ́fẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù 1,000 á máa sọ ohun tó ju lítà 6,000 omi di ooru tó ń fò lọ ní wákàtí kan. Tánkà lítà 10,000 ò ní tó wákàtí méjì. Kànga-ẹ̀rọ mélòó lẹ fẹ́ gbẹ́? Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ fa omi ọ̀sà torí pé ilé iná Egbin ń fà á, ẹ rán an létí pé 1,320 megawatt ni tiwọn, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ tó ń bá iyọ̀ inú omi náà tó ń jẹ irin jà.

Àǹtí_Ìṣirò: Mítà ńkọ́? Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti pín owó òtútù lọ́gbọọgba. Ẹni tó rìnrìn àjò ń sanwó, ẹni tó ṣí fèrèsé sílẹ̀ ò bìkítà. Kóòtù ni wọ́n bá ara wọn. Mítà tó ń ka òtútù lẹ́nu ilé kọ̀ọ̀kan, kó wà nínú àdéhùn.

BàbáÌbejì_Igbógbó: Ẹ ṣeun gan-an. Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?

Ẹnjiníà_Omitútù: Táǹkì ńlá fún omi tútù, bàbá. Ẹ jẹ́ kí chiller kún un lóru. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó lè gbé pọ́ǹpù á tó fún ìgbà díẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Bí páìpù gáàsì bá kọjá nítòsí, ẹ ní kí wọ́n ṣírò ẹ̀rọ gáàsì tó ń pèsè iná, tí wọ́n tún ń fi ooru ara rẹ̀ ṣe òtútù. Bí kò bá kọjá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó yín sórí dísẹ́lì.