Olóòtú ìwé ìròyìn ìlera àgbáyé ni mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wá, a fẹ́ gbé ìwé ìròyìn jáde lórí ìlera àgbáyé. Èmi ni wọ́n fi ṣe olóòtú, bóyá torí pé ariwo mi ló pọ̀ jù.

Ọ̀kan nínú wa kọ àpilẹ̀kọ lórí ṣọ̀pọ̀ná. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló lé e lọ. Mo ní kò tán síbẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wá aláìsàn kiri láti ilé dé ilé, wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n sì ń fún àwọn tó wà nítòsí wọn ní àjẹsára. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé lè kéde lọ́dún 1980 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Mo tún ibẹ̀ kọ. Inú bí i, ó ní mo ti sọ iṣẹ́ òun di tèmi. Ká sòótọ́, mo tún un kọ jù.

Ṣé kí n dá a padà fún un pẹ̀lú àlàyé ni? Ta ló sì yẹ kó bá wa yẹ ọ̀rọ̀ ìṣègùn wò ká tó tẹ̀ ẹ́? Àwọn olùkọ́ wa ò ráyè.

Wọ́n tún fẹ́ fi àwòrán ọmọ tó ń ṣàìsàn sí iwájú ìwé. Ara mi kọ̀ ọ́. Ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀?